Mo fẹ́ kí àwòrán Òkè Ìdànrè mi dà bí ìlú iwin, ṣùgbọ́n bíi káléńdà báǹkì ló ń dà

Ṣadé_Lẹ́ńsì
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Àbúrò mi ọkùnrin kan ló ń ṣe ìtàn alàwòrán, ìtàn ọba kan tí iwin gba ìlú mọ́ lọ́wọ́, gbogbo ẹ̀ ló ṣókùnkùn, ó wá ní kí n bá òun ya fọ́tò méjìlá tí òun máa lò fún ẹ̀yìn àwọn ojú ìwé. Mo ní kò sí wàhálà, ṣebí Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, Ìdànrè ò jìnnà. Sátidé tó kọjá mo gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn, mo dé òkè ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, mo ya fọ́tò tó lé ní 200. Ibẹ̀ bà mí lẹ́rù lóòótọ́ o, pàápàá nígbà tí mo dé àárín ìlú àtijọ́ yẹn tí kò sẹ́nì kankan, ilé ń wò yín, ẹ̀yin náà ń wò ó. Àmọ́ nígbà tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, káléńdà báǹkì! Ojú ọ̀run funfun báláú, òkúta rí bí eérú, ewé ń dán yinrin. Mo fa dúdú ẹ̀ wálẹ̀ lórí Lightroom, áàpù tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe, ó wá dà bí ìgbà tí èèyàn fi lẹ́ńsì tó dọ̀tí yà á. Canon ni mò ń lò, lẹ́ńsì 18-55 (tí mo bá fi sí 18, ó ń gba ibi tó fẹ̀) àti 50 (ibi tóóró ló ń gbà), mo sì ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa? Ẹ̀rù tó bà mí lórí òkè yẹn, báwo ni mo ṣe máa gbé e wọnú fọ́tò?

BàbáÌbejì_Fọ́tò
Aago mọ́kànlá lẹ dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Níbi tí ilẹ̀ wa wà yìí, tó bá ti di àsìkò yẹn oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gbọnrangandan sórí èèyàn, òjìji á sá wọ abẹ́ nǹkan tó ni ín, òkúta ò ní ní ìhà dúdú àti ìhà funfun mọ́, á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ. Lightroom ò lè dá òjìji tí ò sí níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ padà lọ ní ìdájí tàbí nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀.

Láńre_Exeter
Àǹtí Ṣadé ẹ kú iṣẹ́. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn England ni mo wà, irú fọ́tò yìí gan-an ni mo máa ń yà ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìgbó kan wà lórí Dartmoor tí wọ́n ń pè ní Wistman's Wood, igi oaku kúkúrú kúkúrú tó lọ́ bí ìka arọ́mọléegun, gbogbo òkúta abẹ́ wọn ló ní nǹkan aláwọ̀ ewé tó rí múlọ́múlọ́ lára, bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án bíi tìmùtìmù ni. Ní báyìí wọ́n ti ń bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n má wọ àárín ẹ̀ mọ́ torí ẹsẹ̀ wa ti ń ba nǹkan yẹn jẹ́, etí ìgbó ni mo ń dúró sí yà á báyìí, mi ò sì pàdánù nǹkan kan. Ohun tí mo máa sọ fún yín ni pé kí ẹ lo àsìkò tí oòrùn ò tíì yọ tí ojú ọ̀run ti ń di búlúù yẹn. Wákàtí kan gbáko lẹ máa ní, ẹ fara balẹ̀, ẹ mu tíì, ẹ yà á títí á fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́ńsì 18 yẹn, ẹ gbé e sún mọ́ gbòǹgbò igi títí kó fi ku bí ẹsẹ̀ bàtà kan, gbòǹgbò á di ejò ńlá, òkè tó wà lẹ́yìn á dà bí ibi tí ejò yẹn ti jáde.

BàbáÌbejì_Fọ́tò
@Láńre_Exeter ti gbòǹgbò yẹn dáa gan-an, àmọ́ ẹ má tan arábìnrin yìí jẹ o. Wákàtí kan tẹ̀yin ń sọ, òyìnbó ló ni ín, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Níbí, oòrùn ń yọ gòòrò sókè ni, kò ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ bíi tọ̀hún. Ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ tó ṣeé lò ò ju ìṣẹ́jú 20 sí 25 lọ. Nínú oṣù kẹsàn-án tá a wà yìí oòrùn ń yọ ní Ìdànrè ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, torí náà tí aago mẹ́fà bá fi lù tẹ́ ẹ ṣì ń wá ibi tẹ́ ẹ máa gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí, ẹ ti pẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú lẹ máa lọ wo ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí, kẹ́ ẹ fi òkúta sàmì sí i.

Láńre_Exeter
Òótọ́ ni sà, mo gbàgbé. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìdájí ilé.

Ìyá_DúdúÀtiFunfun
Ọmọ mi Ṣadé, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló dáa, àmọ́ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Látìgbà tí a ti ń fọ fíìmù nínú yàrá dúdú ni mo ti ń ya òkè, ohun tí mo rí ni pé ohun tí èèyàn ò rí ló ń bà á lẹ́rù. Nígbà tó o wà lórí òkè yẹn, etí ẹ ń gbọ́ atẹ́gùn, ẹ̀yìn ẹ ṣí sílẹ̀, o ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri. Lẹ́ńsì 18 wá kó gbogbo ẹ̀ jọ sójú kan, ó fi ojú ọ̀run funfun dé e lórí. Kò sí ibi tí iwin lè sá pamọ́ sí nínú fọ́tò ẹ, ìdí nìyẹn tí kò fi bani lẹ́rù.

Yọ ojú ọ̀run kúrò. Mú lẹ́ńsì 50 ẹ, kọjú ẹ̀ sí ibi tí òkè méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, jẹ́ kí òkúta gba gbogbo fọ́tò títí dé etí, kí ẹni tó ń wò ó má mọ ibi tó parí sí. Wà á rí i pé ó ti ga ju bó ṣe wà lọ.

Èkejì, kò dìgbà tó o bá gòkè. Láti ìsàlẹ̀, nínú ìlú gan-an, àwọn òkè yẹn yí ilé ká bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo ohun tí à ń sè. Àsìkò òjò la wà yìí. Jẹ́ kí òjò rọ̀ mọ́jú, kó o wà lójú títì ní ìdájí, wà á rí ìkùukùu tó jókòó sórí òkè, á bo orí ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan lo máa rí. Òkè tí kò lórí! Ẹ sì ti rí àwọn ìlà dúdú gbọọrọ gbọọrọ tí omi máa ń fà sílẹ̀ lára òkúta yẹn? Tí wọ́n bá tutù wọ́n á máa dán bí awọ ọ̀nì. Má fi fíltà polarizer pa dídán yẹn o, òun ni ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó o ní.

Ẹ̀kẹta, má fa dúdú sílẹ̀ nílé, ibẹ̀ ni kó o ti ṣe é. Fi RAW yà á (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì fọwọ́ kàn), fa exposure (bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe pọ̀ tó) wá sí -1 tàbí -1 àtààbọ̀, wá ojú kan ṣoṣo nínú fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ ti máa mọ́ dáadáa, bíi ẹnu ọ̀nà tàbí omi tó dúró, ìyókù kó máa rì lọ. Ìdí tí tìẹ fi rí bíi lẹ́ńsì tó dọ̀tí ni pé o sọ gbogbo ẹ̀ di dúdú lọ́gbọọgba. Òkùnkùn tí ò ní iná kankan nínú, àwọ̀ eérú ni.

Ṣadé_Lẹ́ńsì
Mọ̀mí, ẹ ṣé o! Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. "Kò sí ibi tí iwin lè sá pamọ́ sí", mo ti kọ ọ́ sára ògiri mi.

fóònù_nìkan
Ẹ jọ̀ọ́ àwa tá ò ní kámẹ́rà ńkọ́?

BàbáÌbejì_Fọ́tò
Fóònù ń gbìyànjú láti mú gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ ni, ohun tó ń bà á jẹ́ nìyẹn. Ìka ni kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù, ẹ mú un dúró títí tó fi máa sọ pé òun ti tì í, ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ pa night mode kú tẹ́ ẹ bá fẹ́ òkùnkùn, torí ṣe ló máa sọ òru di ọ̀sán fún yín. Kẹ́ ẹ sì fi aṣọ nu lẹ́ńsì ẹ̀, òróró ìka ló máa ń jẹ́ kí gbogbo iná máa ràn ká.

Ọ̀gá_Ìlọrin
Mo kí yín o. Mi ò bá mọ̀mí jiyàn àmọ́ ní tèmi, òjò kọ́, ọyẹ́ ni. Kí arábìnrin dúró di oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní. Eruku tó ń fẹ́ wá láti apá aṣálẹ̀ Sàhárà, láti ìhà Bodélé ní ilẹ̀ Chad lọ́hùn-ún, tó bá ti bo ilẹ̀, òkè tó wà níwájú á dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀kẹta á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní lẹ́ńsì gígùn bíi 200, ẹ fà wọ́n súnmọ́ra, ẹ máa rí òkè bíi márùn-ún tí wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn bí aṣọ títa. Oòrùn gan-an á wà lókè bí owó idẹ. Kò síbi tó tún jọ ayé mìíràn ju ìyẹn lọ.

Ìyá_DúdúÀtiFunfun
Ọ̀gá, fún àwòrán tí òkè jìnnà, mo gbà fún yín. Àmọ́ kí ọmọ yìí má rò pé nǹkan kan náà ni ìkùukùu àti ọyẹ́ o. Ìkùukùu, omi ni, ó ń rìn, ó ní etí, ó lè bo ibì kan kó fi ibòmíì sílẹ̀. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo ẹ̀ dọ́gba dọ́gba, tẹ́ ẹ bá yà á ní nǹkan tó sún mọ́ yín, á kàn rí bàìbàì ni. Àwọ̀ ẹ̀ náà pọ́n bí omi ẹrẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà mo máa ń sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Àti pé nínú ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta. Eruku yẹn á wọ inú kámẹ́rà, ẹ ó máa rí àmì ẹ̀ lójú ọ̀run gbogbo fọ́tò yín títí di ọdún àjíǹde.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Gbogbo yín lẹ ń sọ òkè, òkè, ṣé kò sẹ́ni tó ti wọ Erédò Sùngbọ́ rí níbí ni? Àǹtí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìlú ọba tí iwin gbà, ìlú gidi tí ọmọ èèyàn fọwọ́ kọ́ tí igbó wá gbé mì ló wà ní Ìjẹ̀bú. Odi àti yàrà ni, ó yí ilẹ̀ náà ká, gígùn ẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160, láwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20, ìyẹn ga ju ilé alájà márùn-ún lọ, ó sì ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Orúkọ Bìlíkísù Sùngbọ́ ni wọ́n fi ń pè é, ibojì ìyá náà wà ní Òkè-Ẹ̀rí, àwọn èèyàn ṣì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀.

Ọdún tó kọjá ni mo kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Ẹ̀yin èèyàn, ṣe ni ayé òkè dákẹ́. Ògiri ilẹ̀ pupa lọ́tùn-ún lósì, ó tẹ́jú bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, gbòǹgbò ń rọ̀ sílẹ̀ lára ẹ̀ bí irun, igi láti orí odi méjèèjì ti fọwọ́ kọ́ ara wọn lókè. Ìmọ́lẹ̀ kò wọlé àfi láti òkè, ó dà bí ìgbà tí èèyàn wà nísàlẹ̀ kànga tó gùn lọ gbọọrọ. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo yà á o, BàbáÌbejì, ọ̀sán gangan! Kò sí oòrùn tó lè tẹ ibẹ̀ pẹrẹsẹ. ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ sí) 100, ẹnu lẹ́ńsì f/8, ṣọ́tà ṣí fún sẹ́kọ́ndì mẹ́rin lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ilẹ̀ pupa yẹn, tẹ́ ẹ bá fa white balance (ibi tí kámẹ́rà ti ń yan àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) sí ìhà búlúù díẹ̀, bíi 4,000, á ṣú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, ẹ má fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ o, kí ewé má lọ di búlúù.

Ohun tẹ́ ẹ máa mú dání: bàtà rọ́bà tó ga, torí ejò, ẹnì kan tó jẹ́ ọmọ abúlé ibẹ̀ tó máa mú yín lọ, torí oko olóko lẹ máa gbà kọjá, àti aṣọ ìnujú gbígbẹ, torí ooru inú yàrà yẹn, lẹ́ńsì tó bá ti inú ọkọ̀ tó ní AC jáde, á láágùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ jẹ́ kí báàgì ti gbóná kẹ́ ẹ tó ṣí i.

BàbáÌbejì_Fọ́tò
Mo gba ìyẹn. Inú ihò ò bá òfin oòrùn mu. Ẹ bá wa fi fọ́tò yẹn síbí.

Akọ́ṣẹ́_Iléṣà
Ẹ tún wá sí Erin-Ìjẹ̀ṣà o, ipele méje ni omi yẹn gbà bọ́ sílẹ̀, ipele kejì sókè ni èrò ti ń dín kù. Ẹ ra fíltà dúdú stop 10. Tí ṣọ́tà yín bá jẹ́ 1/30 sẹ́kọ́ndì tẹ́lẹ̀, fíltà yẹn á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, omi á dà bí èéfín.

Ìyá_DúdúÀtiFunfun
Rárá o, stop 10 kì í ṣe ìlọ́po 10. Stop kọ̀ọ̀kan ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì lọ́nà mẹ́wàá, 1,024 nìyẹn. 1/30 á di nǹkan bíi sẹ́kọ́ndì 34. Ẹni tó bá fi ìlọ́po mẹ́wàá ṣírò, dúdú birimùbirimù ló máa bá. Lójú tèmi sì rèé, omi tó dà bí èéfín, ẹwà ló ní, kò ní ẹ̀rù. Ẹ lo 1/4 tàbí ìdajì sẹ́kọ́ndì, omi á rí bí okùn tó ń já, agbára ẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Fíltà stop 3 ti tó fún ìyẹn tí ibẹ̀ bá ní ibòòji.

Akọ́ṣẹ́_Iléṣà
Ẹ ṣé mọ̀mí. Abájọ tí tèmi fi ń dúdú.

Kọ́láwọlé_Edit
Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ bọ̀, ṣé dandan ni gbogbo wàhálà yìí? Photoshop ti lè pààrọ̀ ojú ọ̀run báyìí. Ẹ ya òkè yẹn ní ọ̀sán, ẹ fi ìkùukùu ìjì sí i, ẹ fi òṣùpá ńlá kan sí i, ó parí. Ìtàn alàwòrán ni, kì í ṣe ìwé ìròyìn.

Láńre_Exeter
@Kọ́láwọlé_Edit ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ o, mo ti ṣe é rí. Àmọ́ ojú máa ń mú un. Òṣùpá yín wà lọ́wọ́ òsì, òjìji òkúta sì ń já sọ́wọ́ òsì, ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó ń ṣe é ṣùgbọ́n ara ẹ̀ á mọ̀ pé irọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá máa sọ ọ̀sán dòru, ẹ dojú kọ oòrùn yà á, kí gbogbo nǹkan jẹ́ òjìji, ẹ fa exposure sílẹ̀ stop méjì, ẹ fi white balance sí ti gílóòbù, ẹ má jẹ́ kí oòrùn fúnra ẹ̀ wọ inú fọ́tò. Àwọn onífíìmù àtijọ́ ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ, èèyàn. Ayàwòrán Jámánì kan wà, Caspar David Friedrich, ó kú ní 1840, ó máa ń fi èèyàn kékeré kan sínú òkè àti kùrukùru, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí wa. Ẹ fi àbúrò yín wọ agbádá dúdú, ẹ fún un ní àtùpà, ẹ jẹ́ kó dúró síbi tó jìnnà. Ẹ fi gílóòbù oníbátìrì sínú àtùpà yẹn, ẹ fi ọ̀rá aláwọ̀ ọsàn wé e. Pupa yẹn nínú búlúù ìdájí, òun ni ojú kan ṣoṣo tí mọ̀mí ń sọ.

Ọmọ_Òṣogbo
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Mo ti rí àwọn tó wá ya Igbó Ọ̀ṣun lọ́nà yìí, tí wọ́n sọ àwọn ère tí Susanne Wenger àti Adébísí Àkànjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ọwọ́ mọ di ẹ̀mí èṣù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ojú pupa tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kùn. Ibẹ̀ kì í ṣe ahoro. Ilé ìjọsìn ni, àwọn ìyá wa ń lọ síbẹ̀ bu omi, UNESCO sì ti fi í sínú ohun ìní àgbáyé láti 2005. Iwin yàtọ̀ sí òrìṣà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya igi àti omi ibẹ̀, ẹ béèrè, ẹ sanwó kámẹ́rà, ibi tí wọ́n bá ní ẹ má yà, ẹ gbé kámẹ́rà yín sílẹ̀. Bákan náà ni Ìdànrè, àwọn ará ìlú ti sọ̀ kalẹ̀ láti bí 100 ọdún sẹ́yìn àmọ́ wọn ò gbàgbé òkè, wọ́n ṣì ń padà lọ bọ níbẹ̀.

Ṣadé_Lẹ́ńsì
Ẹ ṣé gan-an fún èyí. Mo ti bá àbúrò mi sọ ọ́, a ò ní lo ojúbọ kankan, ojú ilé ọba àtijọ́ gan-an a ti yọ ọ́ kúrò. Òkúta, igi, omi àti ilẹ̀ nìkan.

Ṣadé_Lẹ́ńsì
Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé! Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo ní ìròyìn. Òjò rọ̀ mọ́jú Tọ́sìdeè, mo sùn sí Ìdànrè lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, aago márùn-ún ààbọ̀ mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí mo fi òkúta sàmì sí. Mi ò gòkè rárá. Ìkùukùu wà níbẹ̀ lóòótọ́ mọ̀mí, ó jókòó sórí òkè bí ẹni pé òun ló ni ín. Mo fi lẹ́ńsì 50, mo gé ojú ọ̀run kúrò pátápátá. Ìṣẹ́jú 20 kọ́ ni mo ní o, kò ju 15 lọ kí ìkùukùu tó ṣí, mo ya 31 péré, nínú èyí tí mẹ́rin dáa, ọ̀kan wà tí mi ò tíì lè gbójú kúrò lára ẹ̀. Ìlà omi méjì ń dán lára òkúta láti inú ìkùukùu wá sísàlẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá ìyá kan tí mi ò mọ̀ ń kọjá lọ sóko, ó gbé iná tọ́ọ̀ṣì dání, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo sáré bá a lẹ́yìn náà, mo fi hàn án, mo béèrè bóyá mo lè lò ó. Ó wò ó títí, ó ní "ṣé òkè tiwa nìyí?" Ó ní kí n lò ó, kí n ṣáà tẹ ẹyọ kan wá fún òun.

Àbúrò mi ní òun á fi ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́. Ó ku mọ́kànlá. Ọmọ_Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè mú wa lọ sí Erédò?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Sátidé tó ń bọ̀, tí òjò ò bá rọ̀ ní Fúráìdeè, torí ògiri yẹn máa ń yọ̀. Ẹ jẹ́ ká pàdé ní Ìjẹ̀bú-Òde aago méjìlá ọ̀sán, màá ti bá bàbá tó ni oko sọ̀rọ̀. Sáìsì bàtà yín mélòó? Ìyàwó mi ní rọ́bà tó gùn, 39 ni.

fóònù_nìkan
Mo lè tẹ̀ lé yín? Fóònù ni mo ní o.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Ẹ máa bọ̀. Ẹ ti nu lẹ́ńsì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.